Ibi Tí Ẹnu Mi Ti Dákẹ́

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Kò burú. Àwọn ará ilé mi tó mọ̀ mí láti kékeré kì í gbà mí gbọ́, kí ni mo wá fẹ́ máa retí lọ́wọ́ ẹni tó pàdé mi nínú ìwé? Nígbà kan tí iná mú ilé ìdáná wa, tí mo sáré síta tí mò ń lọgun, ẹ̀rín ni aládùúgbò mi ń rín. Ó ní, "Ẹ wò ó, ó tún ti dé!" Ìgbà tí èéfín wọ yàrá tirẹ̀ ló tó wá gbé korobá. Ẹni tó bá ń fi àwàdà jẹun lójoojúmọ́, ọjọ́ tó bá gbé òótọ́ kalẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò bá a jẹ ẹ́.

Síbẹ̀, òótọ́ ni mo fẹ́ sọ. Lọ́jọ́ kan ní Àgbádárìgì, ikùn mi àti iyanrìn etí òkun gbìmọ̀ pọ̀, wọ́n sin àbúrò mi lẹ́ẹ̀kejì.

Àbúrò mi yìí ni àbígbẹ̀yìn ìyá wa. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama láàárín ìgboro Àgbádárìgì, èmi sì ń gbé ní Ibereko, kò ju kẹ̀kẹ́ kan lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ tirẹ̀ nílé mi. Yóò wá, yóò jẹ oúnjẹ ìyàwó mi, yóò ní iyọ̀ ò tó, yóò tún jẹ òmíràn, yóò wá bú mi kí ó tó lọ. Kò tíì gbéyàwó. Bí Màámi bá dá ọ̀rọ̀ ìyàwó sílẹ̀, yóò ní, "Ìyàwó Bùrọ̀dá ń fún mi lóúnjẹ, kí ni mo tún fẹ́ fi òmíràn ṣe?"

Ní ìgbà òjò tó kọjá, ó ní ara ń gbóná díẹ̀. Ibà ni gbogbo wa pè é. Ibà náà ò fún un láyè kí ó tún wá jẹ oúnjẹ ọjọ́ Àìkú mìíràn.

Mùsùlùmí ni wá, òkú wa kì í sùn sílé. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá náà ni wá, òkú ọ̀fọ̀ sì ní òfin tirẹ̀. Òbí kì í sin ọmọ. Òbí ò gbọdọ̀ dé ìdí sàréè ọmọ rẹ̀, kò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n, kí ojú má baà máa padà síbẹ̀. Àwọn tó kéré sí olóògbé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń gbé e lọ. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi ẹnu wọn pamọ́.

Ẹ̀gbọ́n ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn àgbà ìdílé wa pè mí láti Ìṣẹ́yìn. Wọ́n ní, "Àgbà ni ìwọ náà jẹ́ fún un. Jókòó sílé. Má tẹ̀ lé wọn. Bí wọ́n bá dé, má bi wọ́n." Mo jókòó sílé. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn ọmọ àbúrò bàbá wa dé, iyanrìn wà lẹ́sẹ̀ ṣòkòtò wọn. Wọ́n fọ ọwọ́ níwájú ilé mi, wọ́n kí mi kú ara fẹ́ra kù, wọ́n lọ. Mi ò bi wọ́n. Láti ọjọ́ náà, ìlú tí àbúrò mi sùn sí ni mò ń gbé, mi ò sì mọ apá ibi tó wà. Bí mo bá ń lọ sí Kankon tí mo rí ilẹ̀ kan tí wọ́n ro, ọkàn mi á fò. Bí mo bá tẹ ilẹ̀ rírọ̀, n óò yára gbé ẹsẹ̀ kúrò.

Màámi ò mọ̀ pé èmi náà ò mọ̀. Ní tirẹ̀, èmi tí mò ń gbé níbẹ̀, èmi tí mo dàgbà tó láti ní ewú lágbọ̀n, ó dájú pé èmi ni mo ṣáájú wọn.

Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró, ó wá kí wa láti Ìṣẹ́yìn. Kò sunkún lójú wa. Ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹun. Yóò fi ẹnu kan ẹ̀kọ díẹ̀ bí ẹni ń lo oògùn, yóò wá ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyàwó mi ti se gbogbo ohun tó mọ̀ ọ́n sè. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Màámi jáde láti yàrá, ó ti wé gèlè, ó ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá.

"Mú mi jáde lónìí."

"Ibo la ń lọ, Màámi? Àbí ẹ ti rí bàbá kan ládùúgbò yìí tó wù yín?"

"Bàbá bàbá rẹ ni mo rí. Wọ́n ní àwọn òyìnbó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú torí kí wọ́n lè wo ìlú yín yìí. Èmi náà fẹ́ wo ohun tí wọ́n ń wò."

Mo wo ìyàwó mi, ìyàwó mi wò mí. Ìyá wa tí mo mú lọ wo òkè olókìkí kan nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́, tó ní, "Òkúta náà rèé? Òkúta pọ̀ ní Ìṣẹ́yìn, a ò sì gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń wò ó"! Òun náà ló ń bèèrè ìrìn afẹ́ yìí. Inú mi dùn débi pé mi ò ronú. Mo ní ara rẹ̀ ti ń balẹ̀ nìyẹn.

Láti inú kẹ̀kẹ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi, ìyẹn ọ̀rọ̀ sísọ. Mo fi ilé-ẹjọ́ hàn án, mo fi ilé ẹni tó ń ta búrẹ́dì hàn án, mo sọ ìtàn ọlọ́kadà kan tó gbé aláboyún, tó sì gbé méjì sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé Màámi kì í wo ibi tí mo bá nawọ́ sí. Ẹnu mi ló ń wò. Mo ní lọ́kàn mi pé ó dà bíi pé etí Màámi ti ń lọ, mo bá tún gbé ohùn sókè. Oníkẹ̀kẹ́ ní, "Ọ̀gá, ẹ rọra, ẹ ò sí lórí ìwáàsù."

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí la kọ́kọ́ dé. Obìnrin ará ìlú náà kan ló ń mú àlejò kiri, ará Ògù pọ́ńbélé, tí ahọ́n rẹ̀ máa ń tẹ Yorùbá síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni ń tẹ ẹ̀bà.

"Kúabọ̀, Màmá! Ẹ káàbọ̀ o! Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ti dí ojú afẹ́fẹ́."

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé èmi àti obìnrin yìí yóò jọ gbọ́ ara wa.

Ó sọ bí wọ́n ṣe kọ́ ilé náà, ó sọ nípa òyìnbó oníwàásù tó gbé inú rẹ̀. Màámi gbọ́ ọ tán, ó ní, "Níbo ni wọ́n sin ín sí?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn padà sílé rẹ̀, Màmá. Àwọn mìíràn ni ò padà. Itẹ́ òkú wọn ò jìnnà síbí."

"Ẹ mú wa débẹ̀."

A dé ibi itẹ́ òyìnbó. Òkúta ojú oórì ti ṣẹ́ sí méjì, àwọn mìíràn ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí àgbà tó sùn lọ nídìí ìjókòó. Màámi ń rìn láàárín wọn díẹ̀díẹ̀, ó ń wẹ̀yìn wò mí. Mo ní, "Ẹ wo eléyìí, Màámi. Ó wọkọ̀ láti ìlú rẹ̀ kí ó lè wá gbà wá là, ẹ̀fọn Àgbádárìgì ò tilẹ̀ jẹ́ kí ó tú ẹrù." Obìnrin Ògù yẹn rẹ́rìn-ín. Màámi ò rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tó ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Ó ṣì ń sọ̀rọ̀." Mo rò pé ó ń fi mí sùn ni.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ kiri. Níbi tí igi ńlá ìgbàanì ti wà kó tó wó, ó bèèrè bóyá wọ́n ń sìnkú sábẹ́ rẹ̀. Ní ọjà tí wọ́n ti ń ta èèyàn, ó bèèrè ibi tí wọ́n ń gbé àwọn tó bá kú sójú ọ̀nà sí. A wọ yàrá tí wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí, yàrá tóóró kan tí fèrèsé rẹ̀ ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ibi tí ẹni tó ní làákàyè yóò ti panu mọ́ nìyẹn. Èmi ò panu mọ́. Bí ìbànújẹ́ bá ti sún mọ́ mi, ẹnu mi ló máa ń sá síwájú, bẹ́ẹ̀ ló ti ṣe mí láti kékeré. Mo ń sọ̀rọ̀ nípa ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó wà lára ògiri, mo ń sọ̀rọ̀ nípa òòrùn, mo ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀wà tí mo jẹ. Màámi dúró nínú òkùnkùn yàrá náà, ó fetí sílẹ̀ títí, ó wá mí kanlẹ̀.

"Ṣé ó tán?" ló bi obìnrin náà.

"Ó ku òdìkejì ọ̀sà, Màmá. Ibi tí wọ́n ń gbà dé etí òkun. Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá kì í padà mọ́."

"Wọ́n ń gbé èèyàn gba orí omi lọ síbẹ̀?"

"Orí omi ni."

Màámi tún gèlè rẹ̀ so. "A ń lọ."

Nínú ọkọ̀, wọ́n fún wa ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Tèmi ò pàdé níwájú. Atukọ̀ fà á, mo fa èémí sínú, kò pàdé. Ó ní kí n máa lọ bẹ́ẹ̀, pé ikùn tó tó yìí, omi ni yóò sá fún un. Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Màámi nìkan ló tẹjú mọ́ erékùṣù tó wà níwájú wa, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú báàgì, ó ń ka tẹ̀sùbáà.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, kànga kan wà lójú ọ̀nà. Obìnrin náà sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ fún gbogbo àlejò, pé wọ́n máa ń fún àwọn tí wọ́n fẹ́ kó lọ ní omi rẹ̀ mu, kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Màámi bẹjú wo inú rẹ̀ pẹ́.

"Àwọn ìyá wọn tó kù sílé ńkọ́?" ló wí. "Ta ló bu omi fún ìyẹn?"

 Ẹni tó ń mú wa kiri yí padà, ó ṣáájú wa.

Láti ibi kànga dé etí òkun, iyanrìn ni, àti igi àgbọn. Iyanrìn yẹn ń gbé ẹsẹ̀ mì. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹja kan tó gbé àwọ̀n mọ́ apẹja lọ́wọ́. Mo dé ibi tí apẹja ti ń bẹ ẹja, èémí ni mo wá, mi ò rí i. Òòrùn ti gun orí. Ikùn mi ń lọ síwájú, ẹsẹ̀ mi ń rì sẹ́yìn. Mo dúró lábẹ́ igi àgbọn kan, mo fọwọ́ ti orúnkún, mo la ẹnu, ohùn ò jáde.

Màámi dúró. Ó yíjú sí mi. Ó wo ẹnu mi, ó wo ilẹ̀ tó wà níwájú ẹsẹ̀ mi. Iyanrìn ga díẹ̀ níbẹ̀, ẹnì kan sì ti kó èèpo àgbọn jọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ó dákẹ́," ló wí. "Ibí ni."

Mo na ọwọ́ kí n fi sọ pé rárá. Mi ò rí èémí fi sọ ọ́. Kí àyà mi tó rọlẹ̀, Màámi ti bọ́ bàtà, ó ti kúnlẹ̀ sínú iyanrìn náà, ó ti tú gèlè kúrò lórí. Irun rẹ̀ funfun ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

"Ọmọ mi," ló wí. Kì í ṣe èmi ló ń bá wí. "Mo dé o. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ wá, mo wá. Wọ́n gbé ọ gba orí omi kí ẹsẹ̀ mi má baà tó ọ. Ìwọ tó ń bẹ̀rù omi! Nígbà tí mo bá ń wẹ̀ ọ́, gbogbo agbo ilé ló ń gbọ́ igbe rẹ." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ iyanrìn náà, ó ń tẹ́ ẹ bí ẹni ń tún ibùsùn ṣe lábẹ́ ọmọ tó ti sùn. "Ṣé ilẹ̀ ò gún ọ? Ṣé kò tutù jù?" Ó ṣí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ṣe àdúà gígùn. Nígbà tí ó fi ọwọ́ pa ojú, ó wá sunkún. Mi ò tíì gbọ́ ẹkún rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Kò pariwo. Ó dà bí ìgbà tí omi bá ń hó nínú ìkòkò tí a dé.

Èémí mi padà. Mo ní, "Màámi."

"Má sọ nǹkan kan. Mo mọ̀ pé wọ́n ti mú ọ búra. Ìwọ kọ́ lo sọ fún mi, ẹnu rẹ ló sọ. Mo bí ọ, mo mọ̀ ọ́. Láti àárọ̀ ni mo ti ń ṣọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò ti tán lẹ́nu rẹ."

"Màámi, mi ò mọ ibi tó wà. Òótọ́ ni mo ń sọ, mi ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní àgbà ni mí, wọ́n ní kí n jókòó sílé. Èémí ló tán lẹ́nu mi. Mo sanra ni, Màámi."

Ó wò mí pẹ̀lú omi lójú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Àwàdà rẹ náà tún dé," ló wí. "Má ṣèyọnu. Wọn ò ní gbọ́ lẹ́nu mi pé mo débí."

Mo lè búra. Mo lè sọ pé kí ó rò ó dáadáa, pé Mùsùlùmí wo ló ń gbé òkú wọ ọkọ̀ ojú omi, pé ta ni yóò sin olùkọ́ ìṣirò sábẹ́ igi àgbọn lójú ọ̀nà àwọn tó ń rìnrìn afẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti tò sórí ahọ́n mi. Mo wá rí ọwọ́ rẹ̀ lórí iyanrìn náà, bí ó ṣe sinmi lé e. Mo pa ẹnu mi dé. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Obìnrin tó ń mú wa kiri padà wá. "Ṣé ó rẹ Màmá ni? Ó kù díẹ̀ ká dé etí òkun."

"Ó rẹ̀ wọ́n," ni mo wí.

"Kò rẹ̀ mí," ni Màámi wí, ó ń gbọn iyanrìn lára ìró. "Mo ti rí ohun tí mo wá wò ni. Òkun ò sá lọ síbì kan."

Nígbà tí a ń padà, atukọ̀ tún fẹ́ fi ẹ̀wù yẹn dán mi wò. Màámi wo ikùn mi, ó wo atukọ̀, ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Oṣù tó ń bọ̀ la ń retí rẹ̀." Atukọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ju àjẹ̀ sómi. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn títí tí omi fi jáde lójú mi, mo sì dúpẹ́ pé omi ọ̀sà ń ta sí wa lójú.

A dé ilé. Ó ní kí ìyàwó mi bá òun tẹ ẹ̀bà, kí ó má rọ̀ jù, kí ó fi ẹja tí kò ní eegun sí i. Ó jẹ ẹ́. Ó ní kí wọ́n tún bu òmíràn. Ìyàwó mi tẹ̀ lé mi dé ẹ̀yìnkùlé.

"Kí lẹ fún wọn lò?"

"Mo mú wọn rìn ni."

"Ẹ̀yin náà ni, ẹ ò lè dáhùn ọ̀rọ̀ bí èèyàn."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màámi ṣì ń sùn. Òun tó máa ń jí ṣáájú ladani, ó kírun àsùbáà tán, ó padà sùn bí ọmọ tuntun. Mo ní mò ń lọ ra búrẹ́dì. Mo wọ kẹ̀kẹ́, mi ò ra búrẹ́dì, etí ọ̀sà ni mo lọ. Mo sọdá.

Ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe, tí ẹ bá bi mí, mi ò lè sọ. Mo kàn fẹ́ dúró síbẹ̀ ni. Ìyá mi ti ní ibi kan. Mo fẹ́ kí ibẹ̀ jẹ́ tèmi náà. Mo gba ibi kànga kọjá, mo wọ inú iyanrìn, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, mo sì rọra ń rìn kí èémí má baà tán. Ṣùgbọ́n igi àgbọn ibẹ̀ jọra wọn bí ìbejì. Òkìtì iyanrìn wà lábẹ́ èyí, ó wà lábẹ́ tọ̀hún. Èèpo àgbọn wà káàkiri. Atẹ́gùn òkun ti gbá ilẹ̀ mọ́, kò ṣẹ́ku ojú orúnkún ìyá mi, kò ṣẹ́ku ojú ọwọ́ rẹ̀. Mo lọ sídìí igi kan, mo ní èyí ni. Mo lọ sídìí òmíràn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ wú iyanrìn.

Ọkùnrin kan tó ń kó àgbọn jọ ti ń wò mí. Ó wá bá mi, àdá ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ ń wá?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mi ò ní àwàdà kankan lẹ́nu.

"Àbúrò mi ni."

Ó sọ àdá sílẹ̀. "Ìgbà wo lẹ rí i kẹ́yìn? Ṣé ó ti lọ sí etí òkun?" Kí n tó wí nǹkan kan, ó ti fi Ògù ké pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ti ń jáde láàárín igi, ọkùnrin àtobìnrin, ìdààmú wà lójú wọn. "Kí lorúkọ rẹ̀, Bàbá? Ẹ sọ orúkọ rẹ̀!"

Mo sọ ọ́ fún wọn.

Wọ́n fọ́n ká. Àwọn kan gba ọ̀nà ọ̀sà, àwọn kan gba ọ̀nà òkun, wọ́n ń sáré, wọ́n ń fi gbogbo agbára ké orúkọ àbúrò mi, ahọ́n Ògù ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ níparí. Mo la ẹnu kí n pè wọ́n padà, kí n sọ fún wọn pé ó ti kú. Orúkọ náà ń lọ láàárín igi, ó ń jìnnà, ohùn tó pọ̀ tó báyẹn ò tíì pè é rí. Mo dìde nílẹ̀, iyanrìn ń ṣàn lọ́wọ́ mi, mo bá wọn pè é.